Ìkíni Tó Gba Ohùn Lẹ́nu Sípíkà

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹ má bàa rò pé mo ń ṣe ojúsàájú: n kò ní sùúrù fún ẹni tó fẹ́ràn ìkíni ju iṣẹ́ lọ. Ọmọ Ọ̀kà ni mí, mo sì mọ iyì ìkíni. Ẹni tí kò kí àgbà láàárọ̀, ilé ni kò ti gba ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n Olóyè Zacchaeus Adébíyìí ti sọ ìkíni di oúnjẹ. Ó ń jẹ ẹ́ láàárọ̀, ó ń jẹ ẹ́ lálẹ́, ó sì tún ń fi ṣe ìpápánu láàárín.

Ta ni Zacchaeus Adébíyìí? Ẹ jókòó dáadáa, nítorí orúkọ náà gùn. Olóyè, Alàgbà, Akíkanjú, Dókítà Zacchaeus Adébíyìí, Alága Àgbà Pátápátá fún Ilé Ìtẹ́tísí Àkókó. Oyè Dókítà yẹn, orí fóònù ló ti gbà á, lọ́wọ́ yunifásítì kan tí kò sẹ́ni tó mọ ojúlé rẹ̀. "Àgbà Pátápátá" ní tirẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló fi kún un. Ó ní "Alága" lásán ń dún létí òun bí alága ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kadà. Iṣẹ́ ìjọba ló ṣe títí tó fi fẹ̀yìntì, kò sì sí ẹni tó lè sọ ohun tó ṣe níbẹ̀ ní pàtó, àfi pé agbádá rẹ̀ máa ń tóbi.

Ilé Ìtẹ́tísí tí wọ́n fi í jẹ alága rẹ̀, ohun tó dára ni, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Gbogbo wa la mọ̀ pé èdè tí wọ́n ń sọ nílé ní Afin kọ́ ni wọ́n ń sọ ní ìlú kejì, àti pé ní Òkè-Àgbè, àdúgbò sí àdúgbò ni. Àwọn ọmọ wa kò sọ ọ́ mọ́. Yorùbá ilé ìwé àti Gẹ̀ẹ́sì jágajàga ni wọ́n ń sọ. Àwọn olùkọ́ yunifásítì kan ti gba ohùn àwọn àgbàlagbà sílẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì láyé ọjọ́sí. Ìjọba wá kọ́ yàrá ńlá kan sí Ìkàrẹ́, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ọ̀kà, wọ́n lẹ fóòmù mọ́ ògiri rẹ̀, wọ́n ṣe ilẹ̀kùn tó nípọn sí i, wọ́n sì ra sípíkà olówó iyebíye, kí ẹni tó bá fẹ́ lè wá jókòó gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀ ketekete.

Kí wá ni Olóyè fi ilé yìí ṣe? Ilé ìkíni ló fi ṣe. Èèyàn méjì ló ń bá a rìn káàkiri. Clement ni akọ̀wé rẹ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ nítorí ìdọ̀bálẹ̀. Munir ni alága ìdúró tí ń fi ẹnu jẹun kárí òde ní Ìkàrẹ́. Bí Olóyè bá fẹsẹ̀ kan wọ yàrá, Clement á kígbe pé, "Ohùn dé." Munir á gbè é pé, "Ohùn tó ń mi òkè Ọ̀kà." Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ á dìde, wọ́n á ní, "Kẹ́ ẹ pẹ́ fún wa." Bí Olóyè bá jáde lọ tọ̀ tó sì padà wọlé, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ kò kí i lọ́jọ́ kan nítorí pé ẹ̀kọ wà lẹ́nu rẹ̀. Ọjọ́ náà ni wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí sípíkà dé, wọ́n pe Kafilat kó wá tò ó. Ọmọ Ìkàrẹ́ ni Kafilat, ó ti ṣe iṣẹ́ ohùn ní Àkúrẹ́ àti Ìbàdàn, ó gboyè lórí rẹ̀, kò sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbàgbé. Ẹ má rò pé ẹni jẹ́jẹ́ ni. Ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Bó ṣe ń tú ẹrù nínú páálí lọ́wọ́ ni obìnrin kan tó ń jẹ́ Rachel wọlé, ó di ìyá rẹ̀ arúgbó lọ́wọ́ mú. Olùkọ́ ni Rachel, ó ti fẹ̀yìntì, láti Afin ni wọ́n ti wá. Ìyá rẹ̀ ń jẹ́ Àbẹ̀kẹ́.

"Kásẹ́ẹ̀tì bàbá wa ni mo mú wá," ni Rachel wí. "Nathaniel lorúkọ wọn. Àwọn olùkọ́ yẹn gba ohùn wọn sílẹ̀, ọdún tó tẹ̀ lé e ni bàbá kú. Ibi tí kásẹ́ẹ̀tì wọ̀, a ò mọ̀, àfi lọ́dún yìí tí wọ́n dá a padà fún wa. Mo fi sínú rédíò nílé, Màmá ò gbọ́ nǹkan kan, ìhó lásán ni. Dókítà ní etí wọn ń lọ díẹ̀díẹ̀, pé tó bá fi máa di ọdún tó ń bọ̀, wọn ò ní gbọ́ràn mọ́."

Màmá Àbẹ̀kẹ́ ti rí i pé wọ́n ń sọ̀rọ̀ òun. Ó fa aṣọ Kafilat, ó sì fi ohùn gíga tí àwọn tí etí wọn ti di máa ń lò sọ pé, "Ọmọ mi, mi ò tọrọ nǹkan míì. Mo kàn fẹ́ kí bàbá àwọn Rachel bá mi sọ̀rọ̀ kí etí yìí tó pa."

Kafilat gbé páálí ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó di Màmá lọ́wọ́ mú, ó ní, "Màmá, ẹ máa gbọ́ ọ. Ọjọ́ tí a bá ṣí ilé yìí, tiwọn la máa kọ́kọ́ fi sí i. Mo ṣèlérí."

Ó ṣèlérí, kò tíì mọ irú alága tó fẹ́ bá ṣiṣẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, Olóyè dé láti wo iṣẹ́. Ìkíni kọ́kọ́ wáyé, ó sì pẹ́. Lẹ́yìn náà ni Kafilat ṣàlàyé.

"Olóyè, sípíkà nìkan kọ́ ló ń sọ̀rọ̀, yàrá náà ń bá a sọ. Ògiri ń dá ohùn padà, igun ilé sì ń kó ohùn tó wúwo jọ. Àpótí ńlá méjì yìí, wúfà là ń pè é, òun ló ń gbé ohùn ìsàlẹ̀ jáde, gbùù-gbùù tó máa ń mi èèyàn láyà. Tá a bá gbé e síbi tí kò yẹ, ó máa bo ohùn èèyàn mọ́lẹ̀. Nítorí náà, màá gbé máíìkì kékeré yìí sórí ìjókòó tó wà láàárín, níbi tí etí ẹni tó bá jókòó máa wà. Sípíkà á súfèé láti ohùn ìsàlẹ̀ lọ dé ohùn òkè, kọ̀ǹpútà á máa gbọ́ ọ. Ohun tó bá pọ̀ jù, á gé e kù. Ohun tó bá kéré, á fi kún un. Ṣùgbọ́n kẹ́nikẹ́ni má sọ̀rọ̀ o. Ohunkóhun tí máíìkì yìí bá gbọ́, àbùkù yàrá ló máa pè é."

Olóyè wo ìjókòó àárín. Ó yẹ kí ẹ̀yin náà mọ ìjókòó yìí. Ọ̀kà ló ti gbé e wá nínú ọkọ̀ akẹ́rù, pupa fòò, wọ́n kun ẹsẹ̀ rẹ̀ ní góòlù, ó tóbi débi pé wọ́n yọ ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Kì í jẹ́ kí ẹlòmíì jókòó síbẹ̀, kódà kì í gbé aago ọwọ́ rẹ̀ lé e.

"Kí irin tínńtín yìí gorí àga mi?" ni Olóyè bèèrè. "Èmi Adébíyìí wà láyè?"

"Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, sà."

"Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n fi ń rọ ọba lóyè. Èmi ni n ó jókòó síbẹ̀. Ẹ fi máíìkì yín kọ́ mi lágbádá. Wúfà yẹn ńkọ́, ẹ gbé ọ̀kan sí ọwọ́ ọ̀tún mi, ẹ gbé ìkejì sí ọwọ́ òsì mi, kí aráyé mọ ibi tí agbára wà."

"Sà, kò yẹ kó wà níbẹ̀."

"Ó yẹ, sà," ni Clement wí.

"Ó yẹ bí ẹ̀gbà ọrùn," ni Munir wí.

Kafilat gbé wúfà kan sí ọ̀tún, ó gbé ìkejì sí òsì, ó ń kùn sínú bí ìkòkò tó fẹ́ hó. Ó wá bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n ṣáà dákẹ́ ní tiwọn. Níbẹ̀ ni Olóyè ti gbé apá agbádá kan sórí èjìká. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n mọ̀ pé nígbà tó bá gbé apá agbádá sórí èjìká, kí èèyàn wá ibi jókòó sí.

"Kafilat, ọmọ mi. Nígbà tí àwọn baba ńlá wa tẹ ìlú dó sáàárín àpáta wọ̀nyí, ta ló sọ fún wọn pé kí wọ́n má kí ara wọn? Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ìwárò l'Ọ̀kà, tí mo sì ti mọ̀ nígbà náà pé èèyàn ńlá ni mí, ṣé a gbọ́ ọ rí pé àgbà wọlé tí ilé pa rọ́rọ́? Ilé tí àgbà wọ̀ tó pa rọ́rọ́, ilé òkú ni. Èmi kì í ṣe òkú. Èmi ni ohùn. Èmi ni àárín ohùn, èmi sì ni etí rẹ̀. Ẹ̀rọ tó bá fẹ́ bá wa gbé ní Ìkàrẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́ ìwà. Ẹ jẹ́ kó gbọ́ bí a ṣe ń kí èèyàn níbí. Ìkíni yẹn gan-an ni kó fi ṣe ìpìlẹ̀."

"Ìpìlẹ̀, sà," ni Clement wí.

"Ìpìlẹ̀ tí kì í yẹ̀," ni Munir wí.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, àṣẹ nìyẹn. Wọ́n tan ẹ̀rọ. Sípíkà bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé láti ìsàlẹ̀, ìró náà ń gòkè bọ̀. Bó ṣe dé ibi tí ohùn ọmọ èèyàn máa ń wà ni Clement kígbe pé, "Ohùn dé." Munir gbè é. Àwọn òṣìṣẹ́ tó tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri ní, "Kẹ́ ẹ pẹ́ fún wa." Olóyè fúnra rẹ̀, pẹ̀lú máíìkì láyà, ń dáhùn pé, "Hẹn, hẹn, a jọ máa pẹ́ ni." Kafilat tún un ṣe, wọ́n tún kí i. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, Munir wá fi oríkì kún un.

Ẹ̀rọ kò mọ olóyè, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ tálákà. Ó gbọ́ gbogbo ariwo yìí, ó gbà pé ohùn èèyàn ti pọ̀ jù nínú yàrá náà, ó sì gé e. Kò gé e díẹ̀, ó gé e mọ́lẹ̀ porogodo.

Lójú kọ̀ǹpútà, ariwo ìkíni yọ bí òkè gàgàrà kan. Olóyè na ìka sí i. "Kí nìyí?"

"Ìkíni yín ni, Olóyè. Òun ni ẹ̀rọ ń gé."

Etí Olóyè gbọ́ "ìkíni yín", ó sì di sí ìyókù. Ó yọ fóònù, ó ya òkè náà ní fọ́tò. Ó ní òun kò mọ̀ pé òun ga tó báyìí. Ó ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí bánà ńlá tí wọ́n máa fi kọ́ ẹ̀yìn tábìlì àwọn èèyàn pàtàkì lọ́jọ́ ìfilọ́lẹ̀. Wọ́n wá fi orin kan sí i láti dán an wò. Gbùù, gbùù, gbùù. Agbádá Olóyè ń gbọ̀n lára rẹ̀ láàárín wúfà méjì. Ohùn akọrin kò jáde rárá, ṣùgbọ́n ta ló ń wá akọrin?

"Ẹ gbọ́ agbára," ni Olóyè wí. "Kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn án mọ́ títí ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀."

Sípíkà ti gba ohun tí kọ̀ǹpútà kọ́ ọ, Olóyè bá gbé kọ̀ǹpútà náà sínú bùùtù mọ́tò rẹ̀, ó tì í pa. Kafilat kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú báàgì, ó fẹ́ bá tirẹ̀ lọ. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó rántí Màmá Àbẹ̀kẹ́. Ó padà, ó jókòó sórí páálí òfìfo kan, inú bí i débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Ìlérí tó ṣe fún ìyá arúgbó ló ń rò.

Ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀ pé. Èèyàn ti Òkè-Àgbè, Ese, Afin àti Ọ̀kà wá, ilé kún. Kọmíṣánnà ti Àkúrẹ́ wá, obìnrin kan tó ń jẹ́ Fúnminíyì, ẹni tí kì í rẹ́rìn-ín ju bó ṣe yẹ lọ. Olóyè ti gbọ́ fìrìfìrì pé wọ́n ń wá ẹni tí wọ́n máa fi ṣe Olùdámọ̀ràn Pàtàkì lórí Ọ̀rọ̀ Ohùn fún gbogbo ìpínlẹ̀. Ó ti rán aṣọ tó máa wọ̀ lọ gba iṣẹ́ náà. Àwọn kan dábàá pé kí wọ́n yá sípíkà fún ọ̀rọ̀ sísọ, ó kọ̀. "Ṣé ẹni tó ní kànga nílé ló ń ra omi táńkà?" Nítorí náà, gbogbo ẹni tó bá máa sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, inú sípíkà ilé yẹn ni ohùn rẹ̀ máa gbà.

Olóyè kọ́kọ́ bọ́ síwájú. Ó wù mí kí n sọ ohun tó sọ fún yín, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ ọ́n. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ẹnu rẹ̀ ń lọ, gbùù-gbùù ń jáde. Ìgbà tí gbùù náà bá gùn, a máa rò pé òwe ló pa. Clement àti Munir kò mọ ibi tó yẹ kí wọ́n ti pàtẹ́wọ́, wọ́n bá ń ṣọ́ ọwọ́ Olóyè. Tó bá gbé ọwọ́ sókè, wọ́n á pàtẹ́wọ́, àwa náà á pa á. Ó gbé ọwọ́ láti lé eṣinṣin kan nígbà tó yá, gbogbo ilé dìde fún eṣinṣin náà.

Ó wá kan kásẹ́ẹ̀tì. Rachel ti mú ìyá rẹ̀ jókòó sí ìlà iwájú. Màmá Àbẹ̀kẹ́ ti wẹ̀, ó kun àtíkè, ó wé gèlè tó fi ṣe ìgbéyàwó àbígbẹ̀yìn rẹ̀. Ó tẹ orí síwájú, ó fi ọwọ́ gbé etí. Wọ́n fi kásẹ́ẹ̀tì sí i.

Gbùù. Gbù-gbù-gbùù. Omi tó wà nínú ìgò lórí tábìlì ń mì.

Màmá dúró díẹ̀. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ṣé ẹ̀rọ ìlọta ni?"

"Bàbá ni, Màmá."

"Bàbá yín kọ́ nìyẹn. Èmi ni mo bá a sùn. Kò dún báyìí rí, kódà tó bá ń han-run."

Àwọn kan fẹ́ rẹ́rìn-ín. Olóyè gba máíìkì, ó rántí pé a kì í gbọ́ ohun tí máíìkì bá sọ, ó gbé e sílẹ̀, ó sì fi ẹnu lásán sọ̀rọ̀. "Etí Màmá ni, ẹ má bínú. Ohùn ńlá kì í wọ etí kékeré."

"Kì í wọ̀ ọ́, sà," ni Clement wí.

Rachel sọ ọ̀rọ̀ náà sí ìyá rẹ̀ létí nítorí pé ó ń bèèrè. Ojú Màmá yí padà. Ó sọ ọwọ́ kúrò létí, ó gbé e lé itan. "Ó ti pa nìyẹn," ló wí. "Etí mi ti pa. Mo pẹ́ jù." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú gèlè rẹ̀. Rachel sunkún níbẹ̀ láàárín èrò. Mo wà níbẹ̀, ó dùn mí, n kò sì sọ nǹkan kan, nítorí èmi náà wà lára àwọn tó pàtẹ́wọ́ fún eṣinṣin.

Kọmíṣánnà yíjú sí Clement. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pàtẹ́wọ́, kí ni bàbá inú kásẹ́ẹ̀tì yẹn sọ?"

"Ó ń yin Olóyè, mà."

"Ó ń gbàdúrà fún ìjọba, mà," ni Munir wí lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ṣé ẹ gbọ́ èdè Afin ni?"

Clement ronú sí i. "Rárá, mà. Ṣùgbọ́n bó ṣe dún yé wa."

Kọmíṣánnà gba máíìkì, ó sọ̀rọ̀ kúkúrú kan sínú rẹ̀. Gbù-gbùù. Munir fò dìde, Clement fò dìde, ilé pàtẹ́wọ́ títí. Kọmíṣánnà tún un sọ, ojú rẹ̀ ti le. Gbù-gbùù. Wọ́n tún pàtẹ́wọ́, Munir ní irú ọgbọ́n báyìí kò tíì jáde ní Àkúrẹ́ rí. Kọmíṣánnà gbé máíìkì sílẹ̀.

"Ohun tí mo sọ ni pé, ẹ pa ẹ̀rọ yìí."

Clement àti Munir rọra jókòó. Olóyè rí i pé nǹkan fẹ́ bàjẹ́, ó na ìka sí Kafilat. "Ẹni tó tò ó nìyẹn. Mo ti fura sí i. Ọmọ tí kò mọ bí a ṣe ń kí èèyàn, ṣé ó lè mọ bí a ṣe ń to ohùn?"

Ó yẹ kó mọ̀ pé ẹnu Kafilat kì í ṣe ẹnu tí a ń fi iná sí.

"Mà, ẹ wo ẹ̀yìn yín," ni Kafilat wí. "Òkè tó wà lórí bánà yẹn, Olóyè ní àwòrán ògo òun ni. Ìkíni ni. Mo ní kí wọ́n dákẹ́ kí ẹ̀rọ lè mọ yàrá, wọ́n ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ jẹ́ àfojúdi. Wọ́n ń kígbe sí ẹ̀rọ létí títí ẹ̀rọ fi rò pé ohùn èèyàn ni àbùkù ilé yìí, ó bá gé e. Etí Màmá kọ́ ló fà á. Ẹ̀yin náà ò gbọ́ ọ. Èmi ò gbọ́ ọ. Kò sí ẹni tó gbọ́ ọ, Màmá nìkan ló sọ òtítọ́."

Kọmíṣánnà wo bánà. Gbogbo wa wo bánà. Òkè náà ga lóòótọ́.

"Ṣé ó ṣeé tún ṣe?"

"Ó ṣeé ṣe báyìí báyìí, mà, bí ẹnu bá lè dákẹ́."

"Olóyè, kọ̀ǹpútà dà?"

Olóyè jáde lọ ṣí bùùtù, ó fi kọ̀ǹpútà rán dírẹ́bà rẹ̀ wọlé, òun sì dúró níta ń tún agbádá ṣe. Kí ó tó padà, àwọn géńdé ti gbé wúfà kúrò lọ́tùn-ún lósì, wọ́n gbé e síbi tí Kafilat júwe. Kafilat gbé máíìkì kékeré lé orí irin rẹ̀, ó sì gbé e jókòó sáàárín àga pupa. Kọmíṣánnà ní kẹ́nikẹ́ni má mira. Sípíkà bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé láti ìsàlẹ̀.

Ilẹ̀kùn ṣí. Olóyè wọlé, ó dúró, ó sì gbé àyà síwájú láti gba ohun tó tọ́ sí i.

Kò sí nǹkan kan.

Ẹnu Clement ti ń là fúnra rẹ̀, ọwọ́ ló fi bò ó. Munir ń wo ilẹ̀. Olóyè wúkọ́ díẹ̀, ó rò pé bóyá wọn kò rí òun. Kafilat pa ẹ̀rọ, ó tún bẹ̀rẹ̀. Olóyè ní, "Ẹ kú ìjókòó o." Kafilat tún pa á, ó tún bẹ̀rẹ̀. Òógùn bo Olóyè. Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó rí irin tínńtín lórí àga rẹ̀, ilé sì pa rọ́rọ́ fún irin náà bí ẹni pé ọba ni. Kò lè gbà á mọ́ra.

"Ó dà bí ẹni pé ẹ ò rí i pé mo ti dé," ló wí.

"Ọ̀gbẹ́ni Zacchaeus," ni Kọmíṣánnà wí, "ẹ bọ́ síta."

Ẹ gbọ́ ọ dáadáa o. Kò pe Olóyè, kò pe Alàgbà, kò pe Dókítà. Gbogbo ohun tí bàbá yìí fi ogójì ọdún kó jọ, Ọ̀gbẹ́ni kan ló gbá a sí ìta. Ó jáde, wọ́n ti ilẹ̀kùn tó nípọn yẹn. Sípíkà súfèé láti ìsàlẹ̀ dé òkè, kò sẹ́ni tó mí sókè títí ó fi parí.

Nígbà tó parí, Kọmíṣánnà bi Rachel léèrè ẹni tó jẹ́, kò sì gba máíìkì kó tó sọ̀rọ̀. "Arábìnrin Rachel, olùkọ́ ni yín, ẹ sì gbọ́ èdè tó wà nínú àwọn kásẹ́ẹ̀tì yìí. Láti òní lọ, ẹ̀yin lẹ ó máa bójú tó ilé yìí. Èmi yóò bá Ọ̀gbẹ́ni Zacchaeus sọ ọ́ nígbà tí mo bá ń lọ."

Kò tíì pa ẹnu dé tí Clement fi yí sí Rachel, ó ti ń tẹ̀. "Ohùn dé, mà." Rachel wò ó bí olùkọ́ ṣe ń wo ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ ní kíláàsì. Clement jókòó.

Kafilat gbé máíìkì kúrò lórí àga pupa, ó lọ di Màmá Àbẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ mú. "Màmá, ẹ wá jókòó síbí. Ibi yìí ni mo wọ̀n ọ́n sí." Màmá kò fẹ́. Ó ní kí wọ́n má yọ ara wọn lẹ́nu, pé òun ti gba kádàrá. Rachel bẹ̀ ẹ́ kó tó gbà. Àga náà gbé e mì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tilẹ̀ kan ilẹ̀.

Wọ́n fi kásẹ́ẹ̀tì sí i. Ìhó díẹ̀ kọ́kọ́ jáde. Lẹ́yìn náà ni bàbá kan wúkọ́, ó sì sọ̀rọ̀, ketekete, bí ẹni tó jókòó síwájú wa. Èdè Afin ló ń sọ, Rachel ló ń túmọ̀ rẹ̀ fún wa ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Ṣé nǹkan yìí ń gbọ́ mi báyìí? Ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ ayé àtijọ́. Ewo ni ti ayé àtijọ́ lójú ebi? Ìyàwó mi ti gúnyán, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀ yẹn, ó ń wò mí."

Màmá Àbẹ̀kẹ́ kò mira. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí àtíkè, kò nù ún.

Ìgbà yẹn ni ilẹ̀kùn ṣí. Gbogbo wa tá a wà nínú ilé la ti mọ̀ pé ọkùnrin tó ń wọlé bọ̀ kì í ṣe alága mọ́, òun nìkan ni kò tíì mọ̀. Ó ti nu òógùn, ó ti gbé apá agbádá méjèèjì sórí èjìká. "Ẹ̀yin èèyàn mi," ló bẹ̀rẹ̀, "nígbà tí àwọn baba ńlá wa—"

Màmá gbé ọwọ́ kan sókè láti inú àga pupa, kò wo ẹ̀yìn. "Ọmọ mi, wá ibì kan jókòó sí, má sọ̀rọ̀. Ọkọ mi ń bá mi sọ̀rọ̀."

Zacchaeus wá ibi jókòó sí. Clement kò dìde fún un, Munir kò dìde. Ó rí páálí òfìfo kan lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó jókòó sí i, ó kó agbádá rẹ̀ jọ sórí orúnkún, ó sì dákẹ́. N kò rí i kó dákẹ́ rí láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n.

Bàbá Nathaniel ṣì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Ó ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ wọn kúrò níwájú òun ná, iyán kì í dúró de àlejò. Lẹ́yìn náà ó gbé ohùn sókè, a mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà ló kọjú sí.

"Àbẹ̀kẹ́, mò ń bọ̀. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́," ni Màmá dá a lóhùn.